Ṣé Kọ̀ǹpútà Ẹgbẹ́ Wa Ni Ó Ń Fọ́n Fáírọ́ọ̀sì Kiri?

Àwa ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta tí ẹ ní kí a lọ yẹ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wò ti dé, iṣẹ́ tí ẹ rán wa ni a wá jẹ́.

Gbogbo wa la mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa gba ímeèlì tí orúkọ akọ̀wé ẹgbẹ́ wà lórí rẹ̀. Wọ́n so fáìlì kan mọ́ ọn, wọ́n ní ìwé owó ìrànwọ́ ni. Ọmọ wọn ṣí i. Kò pẹ́ sí i, kò sí fáìlì kankan tó ṣeé ṣí mọ́ lórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù wọn, àkọsílẹ̀ àwọn tó rajà àwìn fún ọdún méjì sì wà nínú rẹ̀. Ẹni méjì mìíràn gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Ni ariwo bá sọ. Àwọn kan ní kí akọ̀wé fi ipò sílẹ̀, àwọn kan tilẹ̀ ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Kí a má purọ́, àwa náà ti dá a lẹ́bi nínú ọkàn wa kí a tó dé ìdí kọ̀ǹpútà rárá. Agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Ohun tó ṣì wá lọ́nà ni èyí. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún ọdún 2000, fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní ILOVEYOU jáde láti orílẹ̀-èdè Philippines. Ó pe ara rẹ̀ ní lẹ́tà ìfẹ́. Ẹni tó bá ṣí i lórí Windows, yóò fi ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí àdírẹ́sì rẹ̀ wà nínú Outlook onítọ̀hún. Bí ẹ bá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín nígbà náà, kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n yín ló ní àrùn.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe é gbọ́n sí i. Klez tó jáde ní 2001 àti Mydoom tó jáde ní oṣù kìn-ín-ní 2004, orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n ń kọ síbi orúkọ ẹni tó fi lẹ́tà ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká sọ pé fáírọ́ọ̀sì wọ kọ̀ǹpútà Àlàbá. Ó bá àdírẹ́sì Bísí àti ti Kọ́lá níbẹ̀. Ó kọ̀wé sí Kọ́lá, ó fi orúkọ Bísí sí i. Kọ́lá á máa bá Bísí jà, Àlàbá tó ni àrùn á jókòó jẹ́ẹ́, kò ní mọ̀ pé òun ni. Emotet tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè mélòó kan pawọ́ pọ̀ já a lulẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 2021, ó tún yọjú ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà. Lẹ́tà àtijọ́ ló ń jí, á wá dá èsì sí i, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ tí ẹ ti ń bá ara yín sọ ló ń bá lọ.

A bẹ ìyá wa pé kí wọ́n má pa lẹ́tà náà rẹ́, nítorí lẹ́tà tí ẹ bá ti pa rẹ́ kò lè jẹ́rìí. Nínú lẹ́tà mẹ́ta tí a rí, orúkọ akọ̀wé ló wà lókè méjì, ṣùgbọ́n nígbà tí a tẹ orúkọ náà, àdírẹ́sì tó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ti ẹgbẹ́ rárá. Àdírẹ́sì ẹgbẹ́ gan-an ló wà lórí ẹ̀kẹta, àyà wa sì já. A ṣí i ní Gmail, a mú ibi tí wọ́n kọ “Show original” sí. Ibẹ̀ ni Google ti ń sọ bóyá ibi tí lẹ́tà ní òun ti wá ló ti wá lóòótọ́. Níwájú DMARC, “FAIL” ni wọ́n kọ. Ẹnì kan ló yá orúkọ wa lò.

Ká ní “PASS” ni, a ò bá má tíì dá akọ̀wé lẹ́bi síbẹ̀, torí ó lè jẹ́ pé àrùn wà lára kọ̀ǹpútà, ó sì lè jẹ́ pé ẹlòmíràn ló mọ pásíwọ́ọ̀dù wa. A wo “Sent”, a kò bá nǹkan kan. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn nìkan fi yín lọ́kàn balẹ̀ o: Mydoom ní ẹ̀rọ ìfìwéránṣẹ́ tirẹ̀, kì í fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. A tẹ “Details” nísàlẹ̀ Gmail lórí kọ̀ǹpútà, a wo ibi tí wọ́n ti ṣí àpótí lẹ́tà wa àti àkókò tí wọ́n ṣí i. Lẹ́yìn náà, a yọ kọ̀ǹpútà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a fi Microsoft Defender Offline yẹ̀ ẹ́ wò. Òun máa ń tún kọ̀ǹpútà tàn, á sì wá inú rẹ̀ kí Windows tó jí. Ó mọ́. (Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ń falẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ogbó ni, kì í ṣe àrùn.) Ohun tí a bá ni pásíwọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà. A ti fi fóònù tó mọ́ yí i padà.

Ó wá ku ẹni tó jẹ́ Àlàbá. A bẹ gbogbo ẹni tó ní àdírẹ́sì ẹgbẹ́ àti ti àwọn mẹ́ta yẹn kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wọn wá. Ọ̀kan lára àwa ìgbìmọ̀ gan-an ni a bá àrùn lára tirẹ̀. Ó ti ń ráhùn tipẹ́ pé dátà òun ń tán lóru nígbà tí òun ń sùn. Òun náà ló sọ̀rọ̀ jù sí akọ̀wé ní ìpàdé tó kọjá. Ó ti lọ bá akọ̀wé nílé, ó dọ̀bálẹ̀, yóò sì tún dìde sọ̀rọ̀ lónìí fúnra rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ìyá wa ṣì wà lọ́dọ̀ oníṣẹ́, a kò tíì rí àkọsílẹ̀ àwìn náà gbà padà. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun jẹ wọ́n lówó ọjà, ìwé tuntun wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, lápá ọ̀tún, ni wọ́n jókòó sí.