Ọ̀kẹ́ Kan ní Ọjà'ba

Kókó àpérò yìí kò ju nọ́ńbà kan ṣoṣo lọ: 20,000, èyí tí Yorùbá ń pè ní ọ̀kẹ́ kan. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ní Bẹẹrẹ àti Màpó ti há a sórí, ṣùgbọ́n bí ẹni há orúkọ àlejò sórí ni. Ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n gbọ́ pé àpò owó ẹyọ ni ọ̀kẹ́, ẹrù tí ó tó orí ènìyàn kan rù.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, owó ẹyọ ni a fi ń ná Ọjà'ba ní ìsàlẹ̀ òkè Màpó. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kò mọ ìwé. Báwo wá ni ẹni tí a san ọ̀kẹ́ kan fún ṣe ń mọ̀ pé ó pé?

Adolphus Mann, míṣọ́nnárì ará Jámánì tí ó ti gbé Ìjàyè rí, ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1887. Ẹni tí ń kà á yóò da ẹyọ sílẹ̀, yóò máa ṣà á ní márùn-ún márùn-ún. Márùn-ún mẹ́rin di ogún. Ogún márùn-ún di ọgọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún méjì, ó gbá wọn pọ̀, ó di igba. Igba mẹ́wàá ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́. Èyí ni pé 5×4×5×2×10×10. Bí a bá tú u palẹ̀ pátápátá, èjì márùn-ún àti àrún mẹ́rin ni a ó bá níbẹ̀, kò sí ohun mìíràn. Nítorí náà ni ìpele kọ̀ọ̀kan fi ń pé láìṣẹ́kù. Bí àpò bá dín ẹyọ méje, òkìtì ìkẹyìn ni yóò jẹ́wọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń ṣiyèméjì nípa òkìtì igba kan, ìgbà ogójì péré ni a ó tún mú márùn-ún, kì í ṣe ìgbà ẹgbàajì.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀ta nínú rẹ̀. Kí ọmọ ìyá mẹ́ta ní Bẹyẹrunka jogún ọ̀kẹ́ kan, wàhálà dé: 6,666 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹyọ méjì yóò sì ṣẹ́kù. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kẹ́ méjì, ẹyọ kan ni yóò ṣẹ́kù. (Bí ó bá jẹ́ ọ̀kẹ́ mẹ́ta, kí kálukú gbé àpò rẹ̀ lọ sílé.)

Owó ẹyọ ti kógbá wọlé, ṣùgbọ́n àwọn òkìtì rẹ̀ kò kúrò nínú èdè. Mílíọ̀nù kan ṣì ni ọ̀kẹ́ àádọ́ta. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbàawàá, 19,000, jẹ́ ọ̀kẹ́ tí ó ku ẹgbẹ̀rún kan kí ó kún.

Olùkọ́ tí ó ní ogójì ọmọ ní kíláàsì lè dá a wò pẹ̀lú àgbàdo. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ka ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ọ̀kẹ́ kan ti pé nílẹ̀ nìyẹn. Kí wọ́n máa tò ó ní igba igba. Ọmọ yóò rí òkìtì méjì tí ó pé, àti ẹ̀kẹta tí ó dín ọgọ́rùn-ún.