Ẹran Ẹlẹ́dẹ̀ Pẹlẹbẹ fún Oúnjẹ Alẹ́ Tí Kò Ní Pẹ́
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òbí sọ níbi ìpàdé ìdílé wa)

A mọ̀ pé ibi iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń bọ̀, a ò ní fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

Ẹnu yín náà la ti gbọ́ ohun tó mú wa sọ̀rọ̀ oúnjẹ lónìí. Ọmọ ń ti iléèwé dé ní aago 3 àbọ̀. Ìyá ń dé ní aago 6. Bàbá gbọ́dọ̀ jáde ní aago 8 lọ sí iṣẹ́ òru. Wákàtí 2 péré ni gbogbo ilé fi ń rí ojú ara wọn. Bí ìyá bá wá lo wákàtí kan àbọ̀ níbẹ̀ nídìí ìkòkò ẹran, kí ló kù? Kí ọbẹ̀ tó jinná, ọmọ á ti ra pòtétò díndín lójú títì, á ti yó, á ti wọ yàrá lọ.

Ọ̀kan nínú àwa tí à ń ṣe ètò yìí ra ẹran ẹlẹ́dẹ̀ pẹlẹbẹ nítorí pé kò wọ́n tó ẹran màlúù. Ó bọ̀ ọ́ fún ogójì ìṣẹ́jú gbáko, ó tún wá dín in. Nígbà tó gbé e kalẹ̀, ó ti di awọ bàtà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá bi í pé, “Mọ́mì, ṣé ká jẹ ẹ́ ni, àbí ká wọ̀ ọ́?” A rẹ́rìn-ín títí.

Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa nílé nìyẹn. Màlúù tí à ń jẹ nílé ti fi ẹsẹ̀ rìn títí, iṣan rẹ̀ ti le, àfi kó pẹ́ lórí iná kó tó rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń gé ẹran pẹlẹbẹ yìí, ẹ̀yìn kì í sì í ṣiṣẹ́ púpọ̀. Iṣan líle kò pọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá sè é pẹ́, omi ara rẹ̀ lẹ̀ ń lé jáde, ó sì ń gan. Ti ẹsẹ̀ àti ti ṣàkì yàtọ̀ o. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn pẹ́ lórí iná bẹ́ ẹ ti ń ṣe é.

Àwọn kan á ní, “Aràn inú ẹlẹ́dẹ̀ ńkọ́?” Ìbéèrè gidi ni. Ìgbóná ló ń pa aràn àti kòkòrò àrùn, kì í ṣe kí ẹran sun orí iná. Ìmọ̀ràn Food Standards Agency ní Ìlú Ọba ni pé kí àárín ẹran gbóná dé 70°C fún ìṣẹ́jú 2. Ẹran tó fẹ́lẹ́ tètè ń dé ibẹ̀. Bí ẹ kò bá ní ohun tí a fi ń wọn ìgbóná, ẹ fi ọ̀bẹ la ibi tó nípọn jù: kò gbọdọ̀ ku àwọ̀ pupa kankan nínú rẹ̀, omi tó bá sì jáde gbọ́dọ̀ mọ́ kedere.

Ó yá, bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Fún ènìyàn 4, ẹ ra ege 4 tí kò ní egungun, tí kò nípọn ju ìka lọ. Ìrẹsì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé kaná, torí òun ló máa pẹ́ jù. Ẹ fi ọ̀bẹ là á ní ojú 3 tàbí 4 lára ọ̀rá etí ẹran náà, kó má baà ká kò nínú páànù. Ẹ tẹ́ náílọ́nù lé e lórí, kẹ́ ẹ fi ọmọ odó kékeré rọra lù ú títí á fi fẹ́lẹ́.

Ibí yìí la ti jiyàn níjọ́sí: ṣé ká fọ ẹran àbí ká má fọ̀ ọ́? Àwọn ìyá wa kọ́ wa pé ẹran tí a kò fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀, ìdọ̀tí ni. Ṣùgbọ́n àwọn elétò ìlera níbí ní ká má fọ ẹran tútù, nítorí omi tó ń ta sílẹ̀ lè gbé kòkòrò àrùn sórí àwo àti oúnjẹ mìíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹran tí omi wà lára rẹ̀ kì í dín, híhó ló ń hó. Ẹ fi bébà ìnuwọ́ nù ún gbẹ. Ọwọ́ yín, ọ̀bẹ àti pátákó ni kẹ́ ẹ fi ọṣẹ fọ̀. Bí ọkàn yín bá ṣì ń fà sí ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ fún un lé e lórí nígbà tó bá jinná. Ó dùn gan-an bẹ́ẹ̀.

Iyọ̀ díẹ̀, ata gígún, kọ́rì àti áàyù ti tó. Bí ẹ bá ti fi Maggi sí i, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi iyọ̀ sílẹ̀, torí iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Gíráàmù 6 ni kí iyọ̀ àgbàlagbà má kọjá lóòjọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru sì pọ̀ láàárín wa.

Ẹ jẹ́ kí páànù gbóná dáadáa kẹ́ ẹ tó da òróró ṣíbí kan sí i. Ege 2 lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n má fún mọ́ra. Ìṣẹ́jú 2 sí 3 lápá kan, ẹ yí i, ìṣẹ́jú 2 sí 3 lápá kejì. Ẹ má máa yí i ṣáá. Ẹ kó o sínú àwo. Nínú páànù yẹn kan náà, láìfọ̀ ọ́, ẹ da àlùbọ́sà, tàtàṣé àti tòmátì 2 tí ẹ ti rẹ́ sí i, pẹ̀lú omi ìdajì ife. Ẹ fi ṣíbí onígi ha ìdí páànù, ibẹ̀ ni adùn wà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, ẹ dá ẹran padà fún ìṣẹ́jú 1. Ó parí.

Àwọn ọmọ lè rẹ́ àlùbọ́sà, wọ́n lè to àwo, ṣùgbọ́n ẹ má fi wọ́n nìkan sílẹ̀ nídìí òróró gbígbóná. Bí iná bá ràn nínú páànù, ẹ má da omi sí i láéláé. Ẹ pa iná ìdáná bí kò bá léwu, ẹ jáde, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ pe 999.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí àti ẹ̀yin Sẹ́lẹ́ tó wà láàárín wa, a ò gbàgbé yín. Àyà adìẹ tàbí ti tòlótòló tí a là sí méjì tí a sì lù, ọ̀nà kan náà ni, kẹ́ ẹ ṣáà rí i pé ó jinná dénú.

Ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tún ṣe é lọ́sẹ̀ tó kọjá. Aago 7 kò tíì lù tí gbogbo wọn ti jókòó, bàbá náà jẹ nínú rẹ̀ kó tó jáde, ọmọ yẹn sì ní òun fẹ́ ege kejì. Ó wà níbí lónìí, òun ló máa dín tiwa. Páànù ti ń gbóná, ẹ sún mọ́ iwájú kẹ́ ẹ lè rí i.