Sòbìà Ti Lọ, Iṣẹ́ Kànga Kò Tíì Parí

Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba tí ó fi omi ṣe ìpìlẹ̀ ìyè. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, àwọn àgbà ní omi kò ní ọ̀tá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀tá lè fara pamọ́ sínú omi, kí ó sì bá omi wọ inú ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Àwọn àgbàlagbà ní àwọn abúlé ilẹ̀ Yewa, láti Ìlaròó dé Ayétòrò àti Ìmẹ̀kọ, mọ orúkọ ọ̀tá náà: sòbìà. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọ̀dọ́ lónìí kò rí i rí. Ó yẹ kí ẹ mọ bí ó ti ń wá àti bí ó ti lọ, nítorí pé ohun tí ó lé e lọ wà ní ìkáwọ́ yín títí di òní.

Àrùn náà ti pẹ́ láyé. Orúkọ ìlú Mẹ̀dínà ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn fi ń pe aràn rẹ̀. Ibn Sina, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ńlá láàrin àwọn Mùsùlùmí, sì ti kọ nípa rẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn olùwádìí ṣiṣẹ́ ní Ìdèrè ní ilẹ̀ Ìbàràpá, wọ́n bá ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó gbà pé inú ara olúkúlùkù ni sòbìà ń gbé, bí iṣan. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ta ni yóò fura sí omi?

Omi ni ó sì ń gbé e wá. Kòkòrò tín-tìn-tín kan wà nínú omi adágún tí ó ń gbé ọmọ sòbìà sínú. Ẹni tí ó bá mu omi náà láìsẹ́ ẹ ti gbé àrùn mì. Fún nǹkan bí ọdún kan, kò ní mọ̀. Aràn náà yóò máa dàgbà nínú ara rẹ̀, yóò gùn tó mítà kan, yóò sì lé ròrò, lọ́pọ̀ ìgbà sí ẹsẹ̀. Ròrò náà yóò máa ta á bí iná, aláìsàn yóò sì ki ẹsẹ̀ bọ omi kí ó lè tù ú. Níbẹ̀ ni sòbìà yóò ti tu ọmọ rẹ̀ tí kò níye sínú omi tí gbogbo abà ń mu.

Kò sí oògùn tí ó ń pa á nínú ara, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Igi kékeré ni a fi ń ká a jáde díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Àgbẹ̀ yóò dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ nígbà tí oko ń pè é. Ọmọ tí ara rẹ̀ le yóò fi ilé-ìwé àti ilé-kéwú sílẹ̀ láti rọ́pò òbí rẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé ilẹ̀ kò lè dé mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1988, nígbà tí a ka àwọn aláìsàn yìí káàkiri Nàìjíríà, wọ́n lé ní 650,000. Ìpínlẹ̀ Ògùn sì wà lára ibi tí ó ti jà. Kí ni a fi ṣẹ́gun rẹ̀? A gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ. A fún àwọn ìyá ní aṣọ asẹ́ tí wọ́n ń fi sẹ́ omi. A da oògùn apakòkòrò sínú adágún. A kọ́ aláìsàn pé kò gbọdọ̀ ki ẹsẹ̀ bọ omi mímu, a sì yan ẹnì kan ní abúlé tí yóò máa ṣọ́ àrùn náà. Ọ̀gágun Yakubu Gowon, tí ó ti jẹ́ olórí orílẹ̀-èdè yìí, rìn láti abúlé dé abúlé nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni a rí aláìsàn ìkẹyìn, ní Ìpínlẹ̀ Enugu. Ní ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà. Lágbàáyé, nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ ni ó ń mú lọ́dún ní 1986. Ní 2024, ènìyàn 15 péré ni.

Ẹ kíyèsí i: omi mímọ́, ìmọ̀ àti ìkóra-ẹni-níjàánu ni ó ṣe é.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì parí. Ní ọdún 2024, àrùn onígbáméjì jà ní Èkó àti ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Omi ẹlẹ́gbin ni òun náà ń bá rìn. Kànga ẹlẹ́rọ a máa dákẹ́ ní abúlé nítorí irin kékeré kan tí owó rẹ̀ kò tó owó àsè ọjọ́ kan. Àwọn ará abúlé á máa dúró de ìjọba, àwọn obìnrin àti ọmọdé á sì padà sí adágún.

Ẹ rántí Sa'd ọmọ Ubadah, sàábé Ànábì, tí ìyá rẹ̀ kú. Ó béèrè sàárà tí ó dára jù lọ tí òun lè ṣe fún un. Omi ni a dárúkọ fún un, ó sì gbẹ́ kànga. Kò pa màlúù fún àpéjọ, kò dá aṣọ ẹgbẹ́. Uthman ọmọ Affan náà ra kànga Rumah ní Mẹ̀dínà, ó sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún olówó àti tálákà. Èyí ni sàárà tí ẹ̀san rẹ̀ kì í dáwọ́ dúró. Iye tí à ń ná sórí òkú ní ilẹ̀ yìí tó láti tún ọ̀pọ̀ kànga ṣe.

Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ méjì ní abúlé kọ̀ọ̀kan kọ́ bí a ti ń tú ẹ̀rọ kànga àti bí a ti ń tò ó padà. Kí ilé kọ̀ọ̀kan máa dá owó díẹ̀ lóṣooṣù, kí àwọn obìnrin tí ń pọn omi sì wà lára àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀. Kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga. Kí a má ṣe béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé korobá wá.

Àwọn àgbà ní kí sòbìà tó degbò ni a ti ń ké sí olúgàǹbe. Àrùn náà ti lọ, òwe náà kù. Ẹ tún kànga ṣe kí ó tó dákẹ́.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní omi tí ó mọ́ àti ọkàn tí ó mọ́. Àmín.