Ó Dàbọ̀: Ìbẹ̀wò Ẹbí Nílẹ̀ Òkèèrè Lásìkò Kérésìmesì

 

Ẹni tí ó bá gba Dùgbẹ̀ kọjá ní àárín oṣù Kejìlá kò nílò kàlẹ́ńdà kí ó tó mọ̀ pé ọdún ti dé. Nítòsí Ilé Kòkó, ilé alájà 26 tí a kọ́ parí ní ọdún 1965, ẹnìkan ń ra aṣọ, ẹlòmíràn ń ra èlùbọ́ àti irú. Kì í ṣe gbogbo ẹrù náà ni yóò sùn ní Ìbàdàn. Òmíràn ń lọ sí Accra, òmíràn ń lọ sí Abidjan, òmíràn yóò sì bá ọkọ̀ òfuurufú dé Lọ́ńdọ̀nù, nítorí pé ọmọ, àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ kan ń bẹ níbẹ̀ tí olúwarẹ̀ fẹ́ lọ bá ṣọdún. Kí ni a ń bá irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ lọ gan-an? Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí nìyẹn.

Mo rò pé èdè wa ti dáhùn rẹ̀. Nígbà tí Yorùbá méjì bá ń pínyà, "ó dàbọ̀" ni wọ́n ń wí fún ara wọn. Bí a bá tú u palẹ̀, "ó di àbọ̀" ni. Kì í ṣe ìdágbére lásán, ìlérí ni. Àbọ̀ kan náà ni ó wà nínú "ẹ káàbọ̀". Òun náà ni ó wà nínú "jábọ̀", èyí tí í ṣe ojúṣe ẹni tí a rán níṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó lọ bẹ ẹbí rẹ̀ wò ní òkèèrè, ìlérí àtijọ́ ni ó ń mú ṣẹ.

Àwọn baba wa mọ iyì ìlérí yìí. Ojú irin dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, Dùgbẹ̀ níbí ni ibùdókọ̀ rẹ̀ sì wà. Láyé ìjọba àwọn Òyìnbó, àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbòho àti Ọ̀fà lọ tẹ̀dó sí Gold Coast, èyí tí ó di Ghana ní ọdún 1957. Ọ̀pọ̀ ará Èjìgbò gba Abidjan lọ ní tiwọn. Wọ́n tajà, wọ́n kọ́lé, wọ́n bímọ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ọ̀mọ̀wé K. A. Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, ó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọdún Kérésìmesì kò. Àwọn kan wà láàárín àwọn tí a lé náà tí wọn kò fojú kan ìlú baba wọn rí. Ẹni tí ó ti ń wálé tẹ́lẹ̀ mọ ilẹ̀kùn tí yóò kàn. Ẹni tí kò wálé rí ní láti máa fi orúkọ baba rẹ̀ béèrè ọ̀nà.

Àwa náà ṣe irú rẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà lé àwọn àlejò tí kò ní ìwé; ọmọ Ghana sì pọ̀ nínú wọn. Ibẹ̀ ni àpò Ghana-must-go, tí a fi ń di ẹrù ọdún ní Dùgbẹ̀, ti gba orúkọ. Àṣẹ ìjọba lè já okùn ẹbí. Ẹsẹ̀ àwọn tí ń bẹ ara wọn wò ni ó ń so ó padà.

Àbúrò ìyá mi kan lọ́kọ sí Accra. Fún ọdún púpọ̀, tẹlifóònù ni a fi ń kí ara wa. Ní Kérésìmesì kan, ìyá mi ní àwọn yóò fi ojú ara àwọn rí àbúrò àwọn, mo sì sìn wọ́n lọ. Ààlà mẹ́ta ni a kọjá, láti Sẹ̀mẹ̀ títí dé ẹ̀yìn Lomé. Bí a ti wọlé, ọmọ-ọmọ àǹtí mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, na ọwọ́ sí ìyá mi pé kí wọ́n bọ òun. Ìyá mi kò bínú. Wọ́n fà á mọ́ra, wọ́n ní, "Ọkọ mi, èmi ni ẹ̀gbọ́n ìyá àgbà rẹ. Wí pé, ẹ káàbọ̀, mà." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó sì wí i.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyá mi jábọ̀ ilé: ẹni tí ó kú, ẹni tí ó bímọ, ẹni tí ó tún òrùlé ilé baba wọn ṣe. Nígbà tí àǹtí mi gbọ́ pé igi ọsàn inú àgbàlá ti wó, omi bọ́ lójú wọn. Ẹrù tí a dì láti Dùgbẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì tú u. Ní ọjọ́ tí a ń lọ, ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ó dàbọ̀, mà." Àǹtí mi kò rí Kérésìmesì tí ó tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ṣì ń tẹ ìyá mi láago, Yorùbá ni ó sì fi ń kí wọn.

Òótọ́ ni pé ìrìn àjò ń gba owó, fisà Lọ́ńdọ̀nù kò sì rọrùn. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí àdéhùn pé ọmọ ẹgbẹ́ lè wọ ilẹ̀ ara wọn fún ọjọ́ 90 láìgba fisà, bí ó bá ti mú ìwé ìrìnnà àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́wọ́. Ẹ̀yin olùkọ́, kí ẹ tó gba ìsinmi, ẹ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní ẹbí ní òkèèrè gba iṣẹ́ lẹ́nu àwọn àgbà ilé rẹ̀, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá. Bí kò tilẹ̀ lè lọ, lẹ́tà náà yóò dé ibẹ̀.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ, ẹ ó lọ ire, ẹ ó bọ̀ ire. Bí ẹ bá sì dé, ẹ má gbàgbé láti jábọ̀.

Ó dàbọ̀ o.