Òjé Nínú Ìṣáwùrú

Òjé àti ìṣáwùrú ni ọ̀rọ̀ wa lónìí.

Ilé-iṣẹ́ pọ̀ ládùúgbò wa ní Ìjokò, Ṣàngó àti Ọ̀tà. Bí omi ìdọ̀tí iṣẹ́ irin tàbí ti bátìrì àlòkù bá wọ gọ́tà, òjò á gbá òjé inú rẹ̀ lọ sódò, odò sì lè gbé e lọ sí ọ̀sà Èkó, níbi tí wọ́n ti ń ṣa ìṣáwùrú. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Èkó ti ṣèwádìí irin olóró lára ìṣáwùrú ọ̀sà yìí.

Inú ẹrẹ̀ ni ìṣáwùrú ti ń jẹun. Ibẹ̀ náà ni irin olóró bí òjé àti kádímíọ̀mù ń rọ̀ sí. Òjé jọ kálísíọ̀mù lójú sẹ́ẹ̀lì. Bí olè tó wọ aṣọ ará ilé ló ṣe ń wọlé. Sẹ́ẹ̀lì ní purotéènì kan tó ń de irin olóró mọ́lẹ̀. Bí irin bá pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń pèsè agbára á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, ìdàgbàsókè àti ọmọ bíbí ẹran náà á sì dínkù.

Síse kì í mú irin olóró kúrò lára ìṣáwùrú, ó sì lè ṣe ẹni tó bá jẹ ẹ́ léṣe. Ní Minamata, lórílẹ̀-èdè Jàpáánì, ẹja àti ẹran oníkarahun tó ní mákúrì, irin olóró mìíràn, ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn léṣe. Ọdún 1956 ni àrùn tí ó fà kọ́kọ́ hàn síjọba.

Ẹ̀yin oníléeṣẹ́, ẹ sẹ́ omi yín kí ó mọ́ kí ẹ tó tú u dànù. Ẹ̀yin oníṣẹ́ bátìrì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da omi bátìrì sí gọ́tà.