Ọrẹ Ọdún Nìkan Kò Tó: Ẹ Jẹ́ Kí Iṣẹ́ Wà Lọ́wọ́ Àwọn Ọ̀dọ́ Àkàndá

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ẹgbẹ́ níbi ayẹyẹ ọdún ìbílẹ̀ wa, ní Àjàṣẹ́)

   

Ìbéèrè tí ẹgbẹ́ ní kí n dáhùn ni èyí: báwo ni a ó ṣe ran àwọn ọ̀dọ́ àkàndá tó wà ní abúlé tó jìnnà lọ́wọ́ kí wọ́n lè ní iṣẹ́? Ẹlòmíràn lè sọ pé kí ló kan ọdún ìbílẹ̀ níbẹ̀. Ó kàn án gidigidi. Àṣà tí a pé jọ láti gbé lárugẹ lónìí ló kọ́kọ́ kọ́ wa ní ojú tó yẹ kí a fi wo àwọn ọmọ wọ̀nyí. Àwọn baba wa ní Ọbàtálá ló ń mọ ènìyàn; òun ló mọ ẹni tó dúró ṣánṣán, òun náà ló mọ arọ, abuké àti àfín. Ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹni tó bá fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ òrìṣà ló fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bá ara wa sọ òótọ́. Apá kan àṣà yìí la dì mú. A kì í bú wọn, ṣùgbọ́n a kì í bá wọn dá òwò pọ̀. A kì í fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a kì í fi wọ́n sẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ẹni òrìṣà wá di ẹni tí a ń ju owó ẹyọ sí níwájú ní oríta, lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí àti ti ṣọ́ọ̀ṣì. Àwa náà nínú ẹgbẹ́, bí ọdún bá ti dé, a ó pín ìrẹsì, òróró àti aṣọ fún wọn, a ó sì ya fọ́tò. Ó dára, Ọlọ́run á san án fún yín. Àmọ́ ìrẹsì ọdún kì í dé oṣù kejì. Ọdún tó ń bọ̀, ẹni kan náà ni yóò tún tò síbi kan náà, yóò sì fi ọdún kan dàgbà sí i.

Kí ló ń dí wọn lọ́wọ́ gan-an? Ẹ bá mi dé Aguégués, àwọn abúlé orí omi tó wà nítòsí wa níbí. Níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn. Ọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ, bí apá rẹ̀ bá le, lè wa ọkọ̀, ó lè ju àwọ̀n, ó lè gbé ẹja lọ sọ́jà. Ẹ wá mú ọkùnrin yìí kan náà lọ sí abúlé kan lápá Kétu tàbí Pobè nígbà òjò, tí ilẹ̀ pupa ti di ẹrẹ̀. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò ní lè lọ síwájú, kò sì ní lè padà sẹ́yìn. Ara rẹ̀ kò yí padà. Ọ̀nà ló yí padà. Ohun tí mo fẹ́ kí a mú dání nìyẹn: lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó ń dá ènìyàn dúró kò sí lára rẹ̀, ó wà níbi tí a fi í sí.

Òfin ti wà. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ní 2006, ilẹ̀ Benin sì fara mọ́ ọn ní 2012. Abala kẹtàdínlọ́gbọ̀n rẹ̀ sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní tààrà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, a ní òfin tiwa, òfin 2017-06, tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ wọn. Ní Nàìjíríà, òfin tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní 2019 ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba gbìyànjú kí ó kéré tán márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ wọn jẹ́ àkàndá. Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n abúlé tí kò ní ọ́fíìsì ìjọba kan, márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kí ni yóò kàn wọ́n níbẹ̀?

Ilé-ẹ̀kọ́ náà wà. Ní Louho, ní Àjàṣẹ́ níbí, àwọn ọmọ adití àti àwọn tó ń gbọ́rọ̀ jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ pọ̀. Ní Sègbèya ní Kútọnu, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú wà. Ìṣòro dé lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ tó fi ọwọ́ kàwé Braille padà sí abúlé tí kò sí ìwé Braille kankan. Ọmọ tó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ padà sí agboolé tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ èdè ọwọ́ rẹ̀. Láìpẹ́, ẹni tó ti mọ nǹkan á jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, wọn á ní kí ó máa lé adìyẹ.

Nítorí náà, iṣẹ́ tó wà ní abúlé ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo Songhaï wa ní Ouando. Ní 1985, nígbà tí Bàbá Nzamujo bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ kékeré kan péré ni, pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ tí wọ́n ti kúrò nílé-ìwé. Ohun tó wà nílẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é: adìyẹ, ẹja, ẹ̀fọ́, àní ìgbẹ́ ẹran pàápàá. Abúlé wa kò ṣàìní irú rẹ̀. Ẹni tí kò lè dúró lè jókòó yan gàrí, ó lè sin adìyẹ tàbí ìgbín lẹ́yìn ilé. Adití lè gbẹ́ igi, ó lè ránṣọ. Ojú àti ọwọ́ ni iṣẹ́ náà ń fẹ́. Afọ́jú lè hun apẹ̀rẹ̀, ó lè po ọṣẹ. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn lè ṣí ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù, kí ó fi pánẹ́ẹ̀lì oòrùn kan gba iná sí fóònù gbogbo abúlé. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ ṣe kò ju márùn-ún lọ.

Èkíní, kí a mọ̀ wọ́n. Kí aṣojú ẹgbẹ́ ní abúlé kọ̀ọ̀kan lọ láti ilé dé ilé, pàápàá àwọn ilé tí wọ́n ń fi ọmọ pamọ́ nítorí ìtìjú. Kí a béèrè lọ́wọ́ ọmọ fúnra rẹ̀ ohun tó fẹ́ ṣe. Kí a sì fi orúkọ wọn tó àwọn òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ ìjọba létí ní kọ̀múùnù.

Ìkejì, kí a wá ọ̀gá fún wọn. Nínú ẹgbẹ́ yìí, a ní aránṣọ, a ní onídìrí, a ní agbẹ́gilére. Kí ọ̀gá kọ̀ọ̀kan gba ọmọ kan, kí ẹgbẹ́ san owó ẹ̀kọ́ṣẹ́. Bí ọmọ bá sì mọṣẹ́ dáadáa, kí ó ṣe ìdánwò CQM, ìwé ẹ̀rí tí ìjọba ń fún ọmọ iṣẹ́ ọwọ́.

Ìkẹta, kí irinṣẹ́ bá ara mu. Ẹni tí kò lè fi ẹsẹ̀ wa máṣíìnì, èyí tí a ń fi ọwọ́ yí wà. Tábìlì tó ga jù, káfíńtà lè gé e. Ọ̀gá tó ní ọmọ iṣẹ́ adití lè kọ́ èdè ọwọ́ díẹ̀díẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ náà. Ní ọjọ́ tí ọmọ bá gba òmìnira, kí ẹgbẹ́ fún un ní irinṣẹ́ dípò ìrẹsì.

Ìkẹrin, kí wọ́n mọ bí a ṣe ń ṣírò owó. Ọdún díẹ̀ tí mo ti fi ń kọ́ àgbàlagbà ní kíkà àti kíkọ Yorùbá fi hàn mí pé ẹni tó lè kọ gbèsè oníbàárà sílẹ̀ ní èdè ara rẹ̀, ẹni náà kì í tètè kógbá wọlé.

Ìkarùn-ún, kí a ra ọjà wọn. Èyí ló ṣòro jù. Lọ́dọọdún a ń dá aṣọ ẹgbẹ́jọdá. Ta ló ń rán an? Ta ló ń po ọṣẹ tí a fi ń ta àlejò lọ́rẹ? Bí a bá gbé ìdajì iṣẹ́ yẹn fún wọn, ọdún yìí gan-an ti di ọjà wọn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, bí a bá dá ọrẹ dúró, ńjẹ́ a kò ba àṣà jẹ́? N kò ní kí a dá a dúró. Àwọn kan wà tí ara wọn kò gba iṣẹ́ rárá. Kí a máa bọ́ wọn, ẹ̀tọ́ wọn ni. Àwọn mìíràn yóò ní, bí ọmọ náà bá ba iṣẹ́ jẹ́ ńkọ́? Ọmọ iṣẹ́ wo ni kò ba aṣọ jẹ́ rí? Bí a ṣe ń bá àwọn yòókù wí tí a sì ń ní sùúrù fún wọn, kí a ṣe é fún òun náà. Yinka Ayefele ti Ìbàdàn, tí ìjàǹbá ọkọ̀ sọ di ẹni orí kẹ̀kẹ́ ní 1997, ti dá ilé-iṣẹ́ rédíò sílẹ̀; àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ wọn rìn ló ń gba owó oṣù lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹnìkan gbọ́dọ̀ lọ sọ fún arọ pé ogun ń bọ̀, kí ó tó lè gbọ́n sí i. Ebi àti àìríṣẹ́ ni ogun tó wà níwájú àwọn ọmọ wa wọ̀nyí. Kí ó jẹ́ àwa ni a ó tètè kàn wọ́n lára.

Ọdún á yabo fún wa. Ẹ̀mí wa á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Bí a bá tún pàdé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí àwọn tí a ń pín nǹkan fún lónìí wà lára àwọn tí yóò dá owó ẹgbẹ́.