Bí Oníkàrátè Bá Fẹ́ Kọ́ Júdò: Ọ̀rọ̀ Tí Alága Bá Àwọn Ọ̀dọ́ àti Òbí Sọ Níbi Ìpàdé Ẹgbẹ́

 

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tó ti ń fa àríyànjiyàn láàárín wa láti bí oṣù mélòó kan: ṣé ó yẹ kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ kàrátè ní gbọ̀ngàn wa yìí tún máa kọ́ júdò àti ìjà ìdìmọ́ra, àbí kí wọ́n dúró lórí èyí tí wọ́n mọ̀? Àwọn kan ní owó ẹgbẹ́ ni a fẹ́ ná dànù. Àwọn kan ní oríṣi ìjà kan ti tó ọmọ lọ́wọ́, kí ló tún kù tí a ń wá? Èmi fara mọ́ ọn pé kí wọ́n kọ́ ọ. Mi ò lọ ilé ìwé gíga. Táyà ni mo ń tà ní Sabon Gari níbí, ẹ sì mọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ohun tí mo mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí, inú ìwé tí mo fi owó ara mi rà ni mo ti rí i, àti lórí ilẹ̀ tí mo ti ń ṣe kàrátè láti 1988, tí mo sì bẹ̀rẹ̀ júdò ní 2012, nígbà tí mo ti lé ní ogójì ọdún.

Mo gbọ́ tí ọ̀dọ́ kan ní oníkàrátè tó bá lọ sídìí júdò ti dalẹ̀ olùkọ́ rẹ̀. Ọmọ mi, jókòó kí o gbọ́ ìtàn. Ẹni tó dá júdò sílẹ̀ ní ilẹ̀ Jàpáànù ń jẹ́ Jigoro Kano. Ẹ má rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ọmọ Kánò wa yìí o, orúkọ ló kàn bára mu. 1860 ni wọ́n bí i. Ènìyàn kékeré ni, kò ní agbára lára, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ìwé a sì máa fìyà jẹ ẹ́. Ìyẹn ló gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ́ni ní ìjà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní jujutsu. Ní 1882, ó yọ àwọn tó léwu jù nínú ìjà náà kúrò nínú ìdánrawò, ó to ìyókù jọ, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Kodokan, nínú tẹ́ńpìlì Eishoji ní Tokyo. Ọmọ ẹ̀kọ́ 9 ló fi bẹ̀rẹ̀, ẹní 12 ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹní 12 yẹn sọ́kàn, n ó padà sí i nígbà tí mo bá dé orí owó.

Ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ní 1922, olùkọ́ ilé ìwé kan láti erékùṣù Okinawa, Gichin Funakoshi, gbé kàrátè wá sí Tokyo. Ta ló pè é wá sí Kodokan pé kó wá ṣe é fún àwọn ènìyàn rí? Kano onijúdò ni. Ọ̀dọ̀ júdò ni Funakoshi ti rí irú aṣọ funfun tí ẹ wọ̀ yìí. Ibẹ̀ náà ni ètò bẹ́líìtì ti wá: Kano ló ti ń fi bẹ́líìtì dúdú mọ àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ tó ti gòkè, Funakoshi sì bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn tirẹ̀ ní 1924. Bẹ́líìtì tí ẹ fi ń yangàn sí júdò, ọwọ́ júdò ni ẹ ti yá a. Nínú ìwé Karate-do Kyohan tó jáde ní 1935, Funakoshi fúnra rẹ̀ fi ọ̀nà 9 tí a fi ń gbé ènìyàn ṣánlẹ̀ hàn. Ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan, Hironori Otsuka, ti mọ jujutsu dáadáa kó tó kọ́ kàrátè, ó pò wọ́n pọ̀, òun ni wọ́n ń pè ní Wado-ryu títí dòní. Ta ló wá dalẹ̀ ta?

Kàrátè ní àyè tirẹ̀. Àyè náà ni ibi tí ẹsẹ̀ lè dé, àti ibi tí ọwọ́ lè dé tí a bá nà án. Ṣùgbọ́n ìjà kì í pẹ́ níbẹ̀. Ẹ wo ìjà ọjà: kí ẹ tó ṣẹ́jú, wọ́n ti wọ ara wọn lọ́rùn aṣọ. Tí wọ́n bá ti dì mọ́ra báyẹn, ẹ̀ṣẹ́ tí èèyàn fi ọdún mẹ́wàá kọ́ kò ráyè jáde mọ́. Tí wọ́n bá tún wá jọ ṣubú, tí ẹni tó wúwo wà lókè, oníkàrátè tí kò kọ́ ìjà ilẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tí kò kọ́ nǹkan kan.

Ẹ̀yin tí ẹ lẹ àwòrán Israel Adesanya mọ́ ògiri, ẹ gbọ́ èyí. Èkó ni wọ́n ti bí i ní 1989, tiwa ni. Ìjà ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló mọ̀ jù, òun ló sì fi gba bẹ́líìtì UFC ní 2019. Ní oṣù kẹta 2021, ó lọ bá Jan Blachowicz, ọmọ Poland, tó wúwo jù ú lọ. Ní ìpele kẹrin àti ìkarùn-ún, ọkùnrin náà gbé e lulẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ lé e lórí títí agogo fi dún. Bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ borí rẹ̀ nínú irú ìjà náà nìyẹn. Adesanya mà ti kọ́ bí a ṣe ń dènà ìgbélulẹ̀ o, ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọ. Ẹ wá ro ti ẹni tí kò kọ́ ọ rárá. Ẹ má sì torí èyí sọ pé kàrátè kò wúlò. Lyoto Machida ti ilẹ̀ Bràsíl, tí bàbá rẹ̀ fi kàrátè tọ́ dàgbà, kò ju kàrátè nù. Ó kọ́ ìjà ilẹ̀ kún un, ó sì gba bẹ́líìtì UFC tirẹ̀ ní 2009.

Ó dáa. Kí ni oníkàrátè máa kọ́kọ́ bá pàdé lọ́dọ̀ onijúdò? Ìṣubú ni. Wọn ò ní kọ́ ọ bí wàá ṣe gbé ẹnikẹ́ni títí wàá fi mọ bí a ṣe ń ṣubú. Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Júdò ní tọmọdé tàgbà, tí ẹ bá ń ṣubú sẹ́yìn, ẹ wo bẹ́líìtì yín! Ìdí ni pé ẹni tó bá wo bẹ́líìtì rẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ á kan àyà, ìpàkọ́ rẹ̀ kò sì ní gbá ilẹ̀. Apá ni a fi ń gbá ẹní bí a ṣe ń dé ilẹ̀, kí ìró ìṣubú náà lè tú ká. Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí a na ọwọ́ sẹ́yìn láti fi gba ara wa dúró; ibẹ̀ ni ọrùn ọwọ́ ti ń ṣẹ́, tí egungun èjìká ti ń kán. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń bẹ̀rù júdò, ẹ gbà mí gbọ́, nínú gbogbo ohun tí mo kọ́, ìṣubú yìí nìkan ni mo ń lò lójoojúmọ́. Nígbà òjò, nígbà tí epo bá dà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti gbà mí lọ́wọ́ ilé ìwòsàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Èkejì ni ìdúró. Àwa oníkàrátè a máa la ẹsẹ̀ gbòòrò, a ó fi gbogbo ìwúwo sórí ẹsẹ̀ iwájú. Ìdúró yẹn dára fún ẹ̀ṣẹ́, ṣùgbọ́n onijúdò rí ẹsẹ̀ iwájú yẹn bí ológbò ṣe ń rí ẹja. Á gbá a, o ti wà nílẹ̀. A tún máa ń mú apá le gbagidi tí wọ́n bá di aṣọ wa mú. Apá tó le, òun gan-an ni ọ̀pá tí wọ́n á fi darí rẹ. Èyí pẹ́ kó tó kúrò lára mi. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí oníkàrátè kò ní kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Hikite, ọwọ́ tí ẹ ń fà padà sí ìbàdí nígbà tí ẹ bá ń ju ẹ̀ṣẹ́, orúkọ kan náà ni júdò ń pè ọwọ́ tó ń fa apá aṣọ ẹni tí a dì mú. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọwọ́ yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́, pé ènìyàn ló yẹ kó wà níbẹ̀ tí a ń fà, kàrátè rẹ̀ náà á yàtọ̀. Osoto-gari, èyí tí a fi ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnìkan tí a sì gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ látẹ̀yìn, ìgbésẹ̀ rẹ̀ jọ ìgbésẹ̀ ẹ̀ṣẹ́ yín, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́. Kódà nínú ìdíje kàrátè òde òní, ẹni tó bá ju ẹ̀ṣẹ́ kan tó bá alátakò rẹ̀, máàkì 1 ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbá a lẹ́sẹ̀ ṣubú, kó tó fi ẹ̀ṣẹ́ kan náà bò ó, máàkì 3.

Ẹ má rò pé nǹkan àjèjì ni mo ń sọ. Gídígbò kì í ṣe ọ̀rọ̀ Jàpáànù. Àwọn Hausa tí a jọ ń gbé ní kokawa, ìjàkadì tiwọn. Nínú dambe wọn pàápàá, tó jẹ́ ìjà ẹ̀ṣẹ́, ẹni tí orúnkún tàbí ọwọ́ rẹ̀ bá kan ilẹ̀ ti pàdánù ìpele yẹn nìyẹn. Wọ́n ní wọ́n ti "pa" á.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù. Ìlú onílùú ni a wà. A ti pẹ́ níbí, a bímọ síbí, a sin àwọn òbí wa síbí, síbẹ̀ ẹ mọ̀ bí ọ̀rọ̀ ọmọ méjì ṣe lè di ọ̀rọ̀ ẹ̀yà méjì kí ilẹ̀ tó ṣú. Kàrátè kọ́ ọmọ wa bí a ṣe ń lu ènìyàn. Tó bá lù ú dáadáa gẹ́gẹ́ bí a ṣe kọ́ ọ, eyín á yọ, ẹ̀jẹ̀ á jáde, ẹnìkan á gbé fóònù ya á. Júdò fún un ní ohun mìíràn tó lè ṣe. Ní 2023, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa wà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ nígbà tí oníbàárà kan bínú nítorí ṣéńjì, tó sì mú irin tí a fi ń tú táyà. Ọmọ náà wọlé tọ̀ ọ́ kí irin tó gòkè, ó di apá aṣọ rẹ̀ mú, ó gbá a lẹ́sẹ̀. Kò jọ̀wọ́ apá aṣọ yẹn sílẹ̀, ó fi gbé e kalẹ̀ kí orí rẹ̀ má baà gbá kọnkéré, ó wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí àwọn àgbà ọjà fi dé. Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan. Ní ìrọ̀lẹ́, ọkùnrin náà àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá bẹ ọ̀gá ọmọ náà. Ẹ bi ara yín léèrè ibi tí a ò bá wà lónìí ká ní ẹsẹ̀ ló fi gbá a lójú.

Àwọn ìyá kan bèèrè nípa àwọn ọmọbìnrin. Júdò obìnrin ti wà nínú Òlímpíìkì ní kíkún láti 1992, kì í ṣe ohun tuntun. Ọmọbìnrin ni yóò máa bá ọmọbìnrin ṣe é, àyè ìjókòó sì wà fún ìyá tó bá fẹ́ máa wò. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15, a kò ní kọ́ ọ ní fífún ọrùn àti yíyí apá. Gbogbo ọmọ pátá ló sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé tí ẹni tí a mú bá ti fi ọwọ́ gbá wa lẹ́ẹ̀mejì, ká tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá dá a dúró kí ó tó tú u, ilé ni yóò lọ.

Owó wá kù. A kò lè gbé ọmọ ṣánlẹ̀ lórí kọnkéré, torí náà láìsí ẹní, kò sí júdò. Ẹní tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun wọ́n, ṣùgbọ́n mo ti sọ fún yín pé 12 ni Kano fi bẹ̀rẹ̀. Ẹní ilẹ̀ Jàpáànù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 2 ní gígùn, kò tó mítà 1 ní ìbú. 12 rẹ̀ kò kún igun kan nínú gbọ̀ngàn yìí. Ohun tí mo rò nìyí: a ó to táyà àlòkù sílẹ̀, a ó kan pláíwúùdù mọ́ ọn lórí, a ó tẹ́ fóòmù líle sí i, a ó fi tapólì ọkọ̀ ẹrù bò ó, a ó fà á le. Ilẹ̀ náà á máa tì wá padà díẹ̀, ara kò ní ro ọmọ. Táyà, èmi ni n ó mú un wá, mi ò gba kọ́bọ̀. Pláíwúùdù, fóòmù àti tapólì ni mo ń bẹ ẹgbẹ́ fún. Akápò ní iye rẹ̀ lọ́wọ́, yóò kà á fún yín kí a tó dìbò.

Málàm tó ń kọ́ mi ní júdò ti gbà láti máa wá ní ọjọ́ Àìkú, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọmọ Hausa ni, ẹ máa kí i dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba bẹ́líìtì dúdú nínú kàrátè, funfun ni ẹ ó wé wá. Èmi náà wé e ní 2012, ọmọ ọdún 16 kan sì gbé mi ṣánlẹ̀ títí mi ò fi lè kà á mọ́. Kí gbogbo yín gé èékánná ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀, kí ẹ bọ́ ẹ̀gbà àti yẹtí sílé. Ọ̀dọ̀ akọ̀wé ni ẹ ó ti kọ orúkọ sílẹ̀, kí òbí sì tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ wá fọwọ́ sí i.